Ariwo Tó Kúrò Lára Ọ̀kadà Hàkímù

Etí ni Rùkáyyàh kọ́kọ́ fi rí Hàkímù. Rùkáyyàh jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ó ń tún rédíò kan ṣe, nígbà tí igbe tín-ín-rín kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Èrúwà, tó ń ròkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá há sínú agolo. Lẹ́yìn igbe náà ni ohùn ọkùnrin kan ń tiraka láti jáde: "Búrẹ́dì gbígbóná dé o!"

Ọ̀kadà pupa ló yọ. Àpótí búrẹ́dì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, sípíkà méjì nà sókè níwájú bí etí ehoro. Ọkùnrin gíga tó gùn ún ti fi eruku kun ojú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn bí ẹni pé ariwo náà kò kàn án.

"Àǹtí, ẹ ò ra búrẹ́dì?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọ̀kadà yín ná."

"Sípíkà ló bàjẹ́. Wọ́n ní kí n lọ ra òmíràn."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì."

Ó pa á. Ohùn rẹ̀ tó gbà sínú fìláàṣì ń jáde lọ, ó mọ́ gaara. Rùkáyyàh ní kó tan ẹ́ńjìnnì padà. Igbe náà dé. Ó ní kó fún un níná. Igbe náà ròkè. Inú Rùkáyyàh dùn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Àwọn rédíò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló ń tú, tó ń tò, títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó ìgbà tí ẹ̀rọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ń dùn ún.

"Sípíkà yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì ló ń gba inú rẹ̀ kọrin."

Ó ṣí ìjókòó ọ̀kadà. Wáyà dúdú ti ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ga wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan, lára irin tó ti dógùn-ún. Wáyà dúdú ti ẹ̀rọ tó ń ka fìláàṣì wà lórí bátìrì ní tiẹ̀. Wọ́n tún fi rọ́bà di wáyà tó ń gbé ohùn mọ́ èyí tó ń gbé iná.

"Àwọn méjì yìí ò gbọdọ̀ máa gbé pọ̀," ó wí.

"Ṣé wọn ò tíì so yìgì ni?"

Rùkáyyàh ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó kó wáyà dúdú méjèèjì sí ojú kan lórí bátìrì, ó mú wáyà ohùn gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní kí Hàkímù tan ọ̀kadà. Igbe náà ti lọ. Ohùn nìkan ló kù. Rùkáyyàh pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé, Hàkímù sì gbàgbé búrẹ́dì, ojú rẹ̀ ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, Hàkímù á ya ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. "Ẹ̀ńjíníà mi, ẹ kú iṣẹ́." Rùkáyyàh á ní, "Oníbúrẹ́dì, ẹ káàbọ̀." Wọ́n á sọ̀rọ̀ títí tí àwọn aládùúgbò á fi máa wúkọ́ èké. Nígbà tó yá, Hàkímù ní òun fẹ́ wá rí ìyá Rùkáyyàh.

Ìyá Rùkáyyàh ń ta gàrí lọ́jà. Nígbà tí Rùkáyyàh sọ fún un, ó wo búrẹ́dì tó kún orí tábìlì.

"Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì yìí ti pọ̀ jù."

"Ẹ̀bùn ni, Màámi."

"Ẹ̀bùn wo? Èmi náà ń tajà. Ohun tí òǹtajà bá ń fún èèyàn lójoojúmọ́, ohun tí kò tà ni. Ọjà ọkọ rẹ ti kú, kò sì sọ fún ọ. Mi ò ní fọmọ mi fún ẹni tí yóò máa fi ìṣòro pa mọ́ fún un."

Rùkáyyàh ò lè jẹun. Nígbà tí Hàkímù dé lọ́jọ́ kejì, kò gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé ọjà ń tà?"

Hàkímù dá búrẹ́dì náà padà sínú àpótí. "Kò tà mọ́. Igbe yẹn ni àwọn ará abà fi ń mọ̀ mí. Wọ́n á ti gbọ́ ọ lókèèrè, wọ́n á ti jáde dúró. Ohùn tó mọ́ báyìí, ti àwọn oníjìbìtì tó ń ta òògùn kiri ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá ti ń bọ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ yẹn jẹ́."

Omi fẹ́ bọ́ lójú Rùkáyyàh, inú sì tún ń bí i. Ó mú sípánà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà án láti dá wáyà yẹn padà sórí irin, kí igbe náà lè padà. Ó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ̀ pé bí irin yẹn bá tún dógùn-ún sí i, ohùn náà á pa rẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Àwa la ò sọ fún àwọn ará abà. Mò ń bá yín lọ lọ́la."

"Lẹ́yìn ọ̀kadà mi? Kí ni Màámi máa wí?"

"Ẹ jẹ́ n wá nǹkan tí mo máa sọ fún wọn ná."

Ní Abà Ìdí-Ẹ̀mì, ilẹ̀kùn ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àwọn méjèèjì ṣe ń wọ abà. Hàkímù dúró lábẹ́ igi. Rùkáyyàh gba máìkì ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má bẹ̀rù! Hàkímù oníbúrẹ́dì yín ni! Àìsàn ló wà lára ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti sàn!"

Ilẹ̀kùn kan ṣí díẹ̀. Ìyá arúgbó kan, Ìyá Tàófíìk, yọ orí.

"Hàkímù tiwa? Èyí tí ọ̀kadà rẹ̀ máa ń sunkún?"

"Òun ni, Màmá."

"Ta ló wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ? Ta wá ni ìwọ?"

Rùkáyyàh wo ẹ̀yìn Hàkímù. Àtàńpàkò Rùkáyyàh wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa máìkì. Ó lè sọ pé atúnrédíòṣe lòun. Kò pa máìkì.

"Èmi ni ìyàwó tó fẹ́ fẹ́, Màmá."

Ọ̀rọ̀ náà gba orí òrùlé kọjá, ó dé oko ẹ̀gẹ́. Hàkímù yí padà lójijì, díẹ̀ ló kù kí ọ̀kadà ṣubú. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rín ń jáde, àwọn èèyàn ń tẹ̀lé e.

"Hàkímù, ṣé òótọ́ ló sọ?" Ìyá Tàófíìk bi í.

Rùkáyyàh na máìkì sí Hàkímù. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Òótọ́ ni, Màmá. Bí ìyá rẹ̀ bá gbà."

Wọ́n lọ sí abà tó kù, títí wọ́n fi dé ẹ̀bá Tápà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hàkímù dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Rùkáyyàh. Ìyá náà wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó wo tòsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"O ò mú búrẹ́dì wá lónìí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ó ti tán."

Ìyá Rùkáyyàh sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ẹní.

"Dìde, kí o jókòó síbí, ọkọ ọmọ mi."