Ojú-Ewé Òfìfo Inú Ìwé Ìran Ìyá Naomi

Oṣù Èrèlé ni, ilẹ̀ sì gbẹ débi pé eruku pupa ti bo gbogbo ewé máńgòrò tó wà níwájú ilé ìkàwé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Síbẹ̀, nígbà tí Alàgbà Richard bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tó rìn wọlé wá bá mi, ipasẹ̀ rẹ̀ tutù lórí símẹ́ńtì. Mo rí i kedere. Ti ẹsẹ̀ òsì ní ìka mẹ́fà. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó ti tẹsẹ̀ bọ gọ́tà lọ́nà, n kò sì ro ó mọ́. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn: ohun tí mo bá ti kà sí yẹ̀yẹ́, n kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

A kò tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ bàtà níbẹ̀. Ilé ìkàwé ni, kì í ṣe ilé àdúrà.

Báyọ̀dé lorúkọ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti dolóògbé ló fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí, èmi ni mo sì ń tọ́jú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó wà níbẹ̀. Ìwé ìrántí àwọn hẹdimásítà ayé àtijọ́ wà níbẹ̀, lẹ́tà tí àwọn alfa Ògbómọ̀ṣọ́ fi Lárúbáwá kọ síra wọn wà níbẹ̀. Ganiyat nìkan ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ya àwòrán àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ka ọ̀rọ̀ àwọn òkú, kí n sì má purọ́, n kò rí ọ̀kan nínú wọn tó tó èèyàn. Hẹdimásítà ń yin ara rẹ̀. Alfa ń tọrọ ewúrẹ́. Èyí tí mo wá fojú tẹ́ńbẹ́lú jù ni ìwé ìran.

Àwọn aláṣọ funfun ló kó wọn wá, Ìjọ Àfonífojì Ìmọ́lẹ̀ tó wà ní Igando. Ìwé pélébé bíi tàwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n, mọ́kàndínlógún. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnìkan nínú ìsìn tó ń sọ ohun tó rí, Ìyá Naomi, akọ̀wé ìran wọn, á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Télọ̀ ni ìyá náà. Ó kú ní 1981. Ìlà gbọọrọ ló máa ń fà sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, níbi tí àwa ń kán ẹyọ àmì kan ṣoṣo sí, bí ẹni ń rán etí aṣọ. Bákan náà ni gbogbo ìran rẹ̀ rí: ìbùkún, ìbùkún, ìbùkún, lẹ́yìn náà “Ṣùgbọ́n.” Kò sí ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún níbẹ̀ tí kò ní ṣùgbọ́n tirẹ̀. Bí a bá ń jẹun ọ̀sán, mo máa ń kà wọ́n sókè fún Ganiyat, màá sì sọ ohùn mi di ti arúgbó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ yéé fi wọ́n ṣẹ̀sín jàre,” ni Ganiyat máa ń wí. “Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ti kú ni.”

Alàgbà Richard ń ta páànù ní Dopemu. Ọkùnrin tó máa ń fa agbádá rẹ̀ sókè kó tó jókòó ni, bí ẹni pé àga náà ló yẹ kó dúpẹ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní Bàbá Alákòóso ìjọ wọn ti kú lóṣù Ọ̀pẹ, àwọn àgbà ìjọ sì ń bọ̀ wá wo ìwé ìran lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bóyá a ti fi ẹni tí yóò gba ọ̀pá hàn níbẹ̀ rí. Bí wọn kò bá rí nǹkan, Bàbá Zacchaeus ni wọn yóò fi jẹ, káfíńtà arúgbó kan ní Òkè-Odò.

“Wọn ò ní rí nǹkan kan, sà,” mo dá a lóhùn. “Mo ti kà á tán.”

“Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.”

Ó gbójú sókè wo àjà. Òrùlé wa ti jò lọ́dún tó kọjá, àpótí ìwé mẹ́rin ló jẹrà. Ó ní páànù tuntun yóò gun orí ilé náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ló fẹ́ kí n kọ sínú ìwé ìran, bí ẹni pé Ìyá Naomi ló kọ ọ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. “Alàgbà, ìran wo ló ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì? Ṣé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni?” Mo ní Olúgbódi ni a ó kọ. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìjọ tí wọn kì í wọ bàtà. Ojú rẹ̀ tàn bí ọmọ tí a fún ní súwíìtì.

Mo sọ fún ara mi pé nítorí òrùlé ni mo ṣe gbà. Irọ́ ni. Mo fẹ́ rí ojú àwọn àgbà wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n bá ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ tí mo kọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí Ganiyat lọ kírun, mo ṣí ìwé kẹrìnlá, ti ọdún 1974. Ojú-ewé méjì tó tẹ̀ léra wọn ṣófo níbẹ̀. Mo mú kálàmù ẹlẹ́nu irin àti tàdáwà tí mo ti pò mọ́ omi tíì díẹ̀ kó lè dà bíi ti àtijọ́, mo sì kọ sí àkọ́kọ́: “Olúgbódi ni yóò gba ọ̀pá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí i lọ́nà. Àwọn tó ń bẹ lókè yóò sọ̀ kalẹ̀ wá kí i.” Nígbà tó kan ṣùgbọ́n, mo dúró, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta òrùlé, kí ni èèyàn lè fi dẹ́rù bà á bí kò ṣe omi? Mo kọ ọ́ pé: “Ṣùgbọ́n kí omi má ṣe kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí omi bá kàn án, omi ni yóò máa gbọ́. Kì yóò gbọ́ ohùn ọmọ ènìyàn mọ́.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ mi kò dúró wá ọ̀rọ̀ rárá. Tàdáwà náà sì ti gbẹ kí n tó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Àwọn àgbà méje ló wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n rí ojú-ewé náà kí aago méjìlá tó lù. Ìyá kan kà á sókè, ó bú sẹ́kún, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò. Alàgbà Richard dojú bolẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Òpònú ni gbogbo wọn, mo wí lọ́kàn mi. Bàbá Zacchaeus nìkan ni kò kà á. Ó fi ìka tó le bí èèpo igi tẹ etí ìwé náà, ó wá wò mí.

“Ìwọ lò ń tọ́jú rẹ̀?”

“Èmi ni, sà.”

“Ó pẹ́ kó tó jáde,” ló wí jẹ́jẹ́, ó sì lọ jókòó. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ arúgbó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n fi Richard jẹ. Mo lọ síbẹ̀ láti wòran. Àṣà wọn ni pé kí àwọn àgbà wẹ ẹsẹ̀ alákòóso tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ní nítorí ohun tí ìran wí, kí wọ́n fo èyí. Richard wò mí láti orí pẹpẹ. Ó ṣẹ́jú sí mi, bí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n jọ jí ìdánwò wò.

“Ẹ gbé omi wá,” ó wí. “Ta ni yóò gbọ́ pé alákòóso ń bẹ̀rù omi?”

Wọ́n gbé abọ́ wá. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n wẹ ti òsì. Àwọn akọrin ń kọrin. Richard gbé orí sókè, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́.

“Ta ló ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀?” ló bèèrè.

Kò sí ẹ̀rọ omi nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà.

“Mo ní ta ló ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀? Ẹ lọ pa á jàre!” Ìyàwó rẹ̀ sáré gun pẹpẹ, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹnu ẹja. Orin dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé èmi nìkan ni mo jókòó ní gbogbo ilé náà, mo sì dìde.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́ta. Gbogbo dókítà ní kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀. Ó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀, ó ń gbọ́ ajá, ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Bí èèyàn bá ti la ẹnu báyìí, omi ló ń gbọ́.

Ó wá bá mi ní oṣù Ẹrẹ́nà. Páànù tuntun ti wà lórí ilé wa nígbà náà. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó ti rù. Ó jókòó láì fa agbádá sókè, èmi náà gbé ìwé àti pẹ́ńsùlù síwájú rẹ̀ kí n lè máa kọ ọ̀rọ̀ mi fún un.

“Fa ojú-ewé yẹn ya,” ó ké mọ́ mi, nítorí kò mọ bí ohùn ara rẹ̀ ti rí mọ́. “Báyọ̀dé, omi yìí ń sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, ariwo lásán ni. Ní báyìí mo ti ń gbọ́ ohun tó ń wí.”

Mo kọ ọ́ pé: Kí ló ń wí?

Ó kà á. Ó rẹ́rìn-ín kan báyìí tó ṣeni láàánú. “Ó ń bèèrè ẹni tó kọ ọ́.”

Kódà nígbà yẹn, mo ṣì ń kẹ́gàn rẹ̀. Mo ní ọkùnrin gọ̀, ẹ̀rí-ọkàn ló di etí rẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni kọ̀ǹpútà. Ganiyat ti ya àwòrán ìwé kẹrìnlá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, yóò rí i pé òfìfo ni ojú-ewé náà, àṣírí á tú. Nígbà tí Richard lọ tán, mo ní kí Ganiyat bá mi ṣí i. Mo ti múra láti pa á rẹ́.

Ó ṣí i. Déètì ọdún méjì sẹ́yìn wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú-ewé náà kò ṣófo.

Olúgbódi ni yóò gba ọ̀pá. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, títí dé ohùn ọmọ ènìyàn. Àwọn ìlà gbọọrọ wà lábẹ́ àwọn lẹ́tà. Tàdáwà ti ṣá. Kòkòrò ti jẹ ihò kékeré gba àárín “omi,” ó sì ti ṣe díẹ̀ tí ihò náà ti wà níbẹ̀, nítorí etí rẹ̀ ti pọ́n.

“Ganiyat, ìwọ lo ya èyí?”

“Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo rántí ẹ̀ dáadáa. Èyí tó tẹ̀ lé e ló bà mí lẹ́rù.”

“Èyí tó tẹ̀ lé e ṣófo.”

Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. “Ṣé kí n ṣí i?”

Mo ní kó má ṣí i. Mo lọ gbé ìwé náà fúnra rẹ̀. Nínú ìwé, ojú-ewé kejì ṣì ṣófo, ó funfun báláú.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Odò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá Zacchaeus wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fá pákó, èérún pákó funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀. N kò tilẹ̀ kí i tán.

“Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́.”

“Mo mọ̀,” ó wí, kò dáwọ́ dúró. “Ìyá Naomi náà kọ ọ́. Ìṣojú mi ni. Ọ̀dọ́ ni mí ní ’74, èmi ni mo bá a di ìgò tàdáwà mú. Bó ṣe kọ ọ́ tán báyìí, ọ̀rọ̀ náà rì sínú ìwé bí omi ṣe ń rì sínú yanrìn. Ojú-ewé méjì. Ó ní ká fi í sílẹ̀, pé ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé e jáde.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi kìlọ̀ fún Richard?”

Ìgbà yẹn ló tó dáwọ́ dúró. “Ṣebí a kà á sí i létí? Ìkìlọ̀ wo ló tún kù? Gbogbo wa la gbà á gbọ́. Ẹ̀yin méjì péré lẹ mọ̀ pé irọ́ ni.”

Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn tí n kò rí ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kan sọ sí ẹnikẹ́ni.

Ó gbójú sókè wò mí. “Ta ni orúkọ ìyá tó bí ọ?”

“Abigail, sà.”

Ó gbé irin tó fi ń fá pákó sílẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí itan. “Abigail ará Àgbàdo,” ó wí. N kò sọ Àgbàdo fún un. Ó fi ọwọ́ gbá èérún pákó kúrò lórí bẹ́ǹṣì. “Jókòó, ọmọ mi. Ojú-ewé kejì kò gùn.”

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo jáde sójú títì. Mo ti rìn dé ibi tí wọ́n ti ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Arúgbó náà ń tẹ̀ lé mi láìwọ bàtà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ké sí mi bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ ìyá pe èèyàn bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún un.

“Ọmọ Abigail! Dúró! Ọmọ Abigail!”

Àwọn èèyàn ń wò wá. Èmi tí mo ti fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo ti orí bọ inú kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó dúró, mo ní kó máa lọ.

“Ọ̀gá, níbo?” ni oníkẹ̀kẹ́ bèèrè.

N kò rí ibi kan dárúkọ tí ọ̀rọ̀ ojú-ewé kejì kò ní tẹ̀ lé mi dé.