Géètì Tí Ò Ní Fẹ́ǹsì

"Ìwọ lo wà níta!"

"Èmi tí mo dúró níwájú kíláàsì mi? Ìwọ gan-an lo wà níta!"

"Àǹtí, èmi ni mo jó géètì yìí. Ibi tí mo bá dúró sí ni inú."

Bí jórinjórin àti tíṣà kíláàsì kejì ṣe kọ́kọ́ pàdé nìyẹn. Géètì irin ńlá wà láàárín wọn, àgádágodo ara ẹ̀ tóbi bí orí ọmọ ọwọ́. Lápá ọ̀tún géètì, kò sí nǹkan kan. Lápá òsì, òfìfo. Ewúrẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó wo àwọn méjèèjì, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Jórinjórin ká dígí dúdú ojú ẹ̀ sókè kó lè rí ẹni tó ń bá a jà. Ó rẹwà débi pé ọ̀rọ̀ ìjà tó kù lẹ́nu ẹ̀ gbẹ.

"Ṣọ́ọ̀kì wà nímú ẹ," ló wá sọ.

"Èédú wà nímú tìẹ náà. A ti di ọmọ ìyá nìyẹn."

"Èèwọ̀! Má fi mí ṣe ọmọ ìyá o. Ohun tó wà lọ́kàn mi kọ́ nìyẹn."

Ìjọba ló fún ilé ìwé náà lówó ìrànwọ́ fún ààbò, pé kí wọ́n fi mọ fẹ́ǹsì kí wọ́n sì gbé géètì sí i. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé, tó jẹ́ bàbá tíṣà yìí, ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé géètì dúró, torí òun ni ìjọba máa rí látinú mọ́tò. Owó fẹ́ǹsì wá yà sọ́nà, ó di òrùlé tuntun lórí ilé ọ̀gá, pupa yòò. Láràárọ̀, àwọn ọmọ á tò sídìí géètì títí wọ́n á fi ṣí i. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọ̀gá á ní kó kúnlẹ̀. "Ṣé olè ni ẹ́ ni?"

Gbogbo èèyàn ló ń fi géètì yẹn ṣẹ̀fẹ̀ àfi tíṣà. Ní táàmù tó kọjá, ọkùnrin kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ rìn wọ kíláàsì ẹ̀ látojú títì, ó di ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́ mú, ó ń mú un lọ jẹ́jẹ́ bíi pé òun ló bí i. Tíṣà ló sáré lé e, tó já ọmọ náà gbà.

"Títí dòní," ó sọ fún jórinjórin nígbà tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, "tí mo bá kẹ̀yìn sí wọn láti kọ̀wé sójú pátákó, àyà mi á máa já."

"Olólùfẹ́, màá mọ fẹ́ǹsì náà fún ẹ."

"Kí lo máa fi mọ ọ́n?"

"Ìfẹ́."

"Ìfẹ́ ò ṣe é po bíi sìmẹ́ńtì, ọkọ mi."

Ó pè é ní ọkọ mi! Jórinjórin ò sùn mọ́. Ó fi irin jó kọ́ọ̀mù fún un, ó wúwo débi pé tó bá fi yarun, ọrùn ẹ̀ á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Síbẹ̀ ó ń fi yarun.

Ó lọ bá bàbá tíṣà pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀.

"Ọmọ mi kàwé, ìwọ ń jó irin," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba rán ń bọ̀ wá wo iṣẹ́, ìwọ tó o ṣe géètì ló máa bi léèrè. Sọ pé a mọ fẹ́ǹsì, pé omi ló gbé e lọ. Tó o bá sọ ọ́ tó wọlé, fẹ́ ọmọ mi."

Ó sọ fún tíṣà.

"Bàbá mi ni, mo mọ̀. Síbẹ̀, sọ òótọ́. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á fipá mú un mọ ọ́n. Nǹkan míì ò sí tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Aṣojú ìjọba dé, òógùn bò ó. "Fẹ́ǹsì dà?"

Jórinjórin wo ojú fèrèsé kíláàsì, ó rí tíṣà. Ó wo ọ̀gá.

"Odò ló gbé e lọ, sà."

"Odò wo? Mi ò rí odò kankan níbí."

"Ó ti bá fẹ́ǹsì lọ, sà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ya fọ́tò géètì, ó ní ó dára, iṣẹ́ ti parí, kò sí owó míì tó ń bọ̀. Ó wọ mọ́tò ẹ̀ lọ.

Jórinjórin sáré wọ kíláàsì. "Olólùfẹ́, bàbá ẹ ti gbà!"

"Gbà kí ni?"

"Pé kí n fẹ́ ẹ!"

"Ṣé bàbá mi lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Torí ẹ ni mo ṣe parọ́. Ṣé o gbọ́ bí mo ṣe dá a lóhùn? Ó rẹ́rìn-ín!"

"Àwọn ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín."

"Àbí o ò fẹ́ràn mi ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ. Ìyẹn gan-an ló korò." Ó ti ń wọ́ tábìlì ẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ibí ni màá máa jókòó sí báyìí. Má wá bá mi níbí."

Jórinjórin wò ó bóyá eré ni. Eré kọ́. Ó yí padà, ó ń lọ, ó ti ń pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, bàbá ẹ̀ ti gbà o! Ẹ lọ máa wá aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́? Háà, ìyẹn ti bùṣe. Ojú ló kàn ń tì í."