Nẹ́ẹ̀tì Akínbọ́lá

"Eyín ni," Màmá Àgbà wí, ó sì tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Akínbọ́lá. "Ọmọ tó ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́, ibo ni ibà yóò gbà wọ̀ ọ́ lára? Ìyá Dùnmínínú, fọkàn balẹ̀. Kò sí ẹ̀fọn nínú ulé yìí. Tún fún un ní oògùn eyín."

Dùnmínínú dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di kọ́tìnnì mú. Òun nìkan ló mọ̀ pé ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò òun ti sùn nínú nẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àtẹ́wọ́ ni. Màmá Ilésanmí ni olórí ẹgbẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń ran àwọn ìyá aláìní lọ́wọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́jọ́ kan, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó sọ fún wọn nípa àwọn ìyá tí ogun lé kúrò ní Súdáànì, tí wọ́n ń gbé inú àgọ́ ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Ó ní àwọn mìíràn nínú wọn a máa fi ìborùn lé ẹ̀fọn kúrò lára ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọṣẹ, aṣọ ọmọdé, nẹ́ẹ̀tì, ohunkóhun tí kálukú bá ní, kó mú un wá. Omi bọ́ lójú Dùnmínínú. Àánú àwọn ìyá náà ṣe é gidi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Títílọpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé odidi páálí ọṣẹ wá, tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta Dùnmínínú.

"Ìwọ ńkọ́?" Títílọpẹ́ bi í níṣojú àwọn yòókù. "Àbí omijé lo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bá Dùnmínínú débi pé kò lè jẹun nígbà tó délé. Ọjọ́ kejì ló tú nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì tí òun àti Akínbọ́lá, tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, jọ ń sùn. Ó fọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé màmá rẹ mọ̀ sí i?" Màmá Ilésanmí béèrè.

"Wọ́n mọ̀ sí i, mà."

Irọ́ gbuu! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, orí rẹ̀ sì wú. Nígbà tí Màmá Àgbà béèrè nẹ́ẹ̀tì nílé, ó ní òun fọ̀ ọ́ ni, kò tíì gbẹ. Télọ̀ ni ìyá rẹ̀ ládùúgbò Fájuyì, kì í tètè délé, kò sì yọjú sí yàrá wọn. Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn, lójú Dùnmínínú.

Ìgbà tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ló mọ̀ pé kò tíì parí. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà kò sì jẹ́ kó lè lanu. Bí òun bá sọ ọ́, Màámi á na òun bí ẹni máa kú. Títílọpẹ́ á gbọ́. Gbogbo ìjọ á gbọ́. Ó ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n pé kó kúkú jẹ́ eyín lóòótọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni, òjò ń rọ̀. Lójijì, ojú Akínbọ́lá yí sókè, eyín rẹ̀ wa pọ̀, ara rẹ̀ gan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Yéè! Gìrì!" ìyá rẹ̀ ké. "Jésù, gbà mí o!"

"Ẹ gbé àdí wá!" Màmá Àgbà sáré wọ ilé ìdáná.

Dùnmínínú rí i pé ọmọ yìí lè kú lójú òun báyìí, kí òun ṣì máa ṣọ́ ẹnu ara òun. "Màámi, kì í ṣe eyín!" ló bú jáde. "Kò sí nẹ́ẹ̀tì mọ́! Mo ti gbé e fún Màmá Ilésanmí. Ẹ̀fọn ló ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn!"

Ìyá rẹ̀ wò ó. Kò gbá a létí. Ó fi ìró bo ọmọ, ó sáré jáde sínú òjò, ó dá ọ̀kadà dúró. Dùnmínínú fò sẹ́yìn rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà, ó fún un lábẹ́rẹ́ kí gìrì náà lè dáwọ́ dúró. Ó béèrè bóyá ó ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

"Ìwọ ni kó o dáhùn," ìyá rẹ̀ wí fún Dùnmínínú.

"Kò sùn nínú rẹ̀, mà."

Wọ́n gún ọmọ náà níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. "Ibà ni, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára gan-an," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè gbé e wá. Ká ní ẹ ṣì ń fún un ní oògùn eyín ni..." Wọ́n fa omi sí Akínbọ́lá lára, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ àti Dùnmínínú máa dúró.

Ìdúró yẹn le. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá mí ni Dùnmínínú ń wo àyà rẹ̀ bóyá yóò tún mí. Nígbà tó yá, Akínbọ́lá lajú, ó ní, "Omi." Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, Dùnmínínú sì kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Màámi, ẹ forí jì mí." Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé, "Àwọn ìyá inú àgọ́ yẹn, bí gìrì bá mú ọmọ wọn, tí kò sí ilé ìwòsàn nítòsí ńkọ́?"

"Ẹ̀rù tó bà wá lónìí, ojoojúmọ́ ló ń bà wọ́n," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ó yẹ ká ràn wọ́n lọ́wọ́. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá bá ọ ra nẹ́ẹ̀tì mìíràn fún wọn. Ohun tó jẹ́ tiwa la fi ń ṣoore, Dùnmínínú. O ò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ lára ẹni tí kò lè sọ pé rárá."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Dùnmínínú dìde láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ojú ń tì í, Títílọpẹ́ sì ń wò ó. Ó sọ gbogbo rẹ̀, irọ́ tó pa fún Màmá Ilésanmí àti èyí tó pa nílé.

"Nítorí kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ fún mi ni mo ṣe ṣe é," ó wí. "Díẹ̀ ló kù kí n fi àbúrò mi san án."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.