Àpò Ẹ̀jẹ̀ Kan

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Tudun Wada ni Adégbìtẹ́ ti kọ́kọ́ rí Fẹ́yìsayọ̀. Adégbìtẹ́ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọge náà rí abẹ́rẹ́, ó fa apá sẹ́yìn.

"Haba, bùrọ̀dá! Ṣé ẹṣin lẹ fẹ́ gún ni?"

Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló di ìfẹ́.

Ní ọdún kejì, ọ̀kadà gbé Adégbìtẹ́ ṣubú ní Kabong. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ tí ń sá fún abẹ́rẹ́ ló na apá, ó fún un ní àpò ẹ̀jẹ̀ kan.

"Olówó orí mi, ẹ̀jẹ̀ mi ti wọ̀ ọ́ lára," ló máa ń wí. "O ò lè sá mọ́."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìjọ ní kí wọ́n mú ìwé jẹ́nótáìpù wá kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ti mọ̀ pé AS ni òun. Adégbìtẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó rí ìlà S, tín-ínrín bí òwú. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti wá. Ó kọ AS.

Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ wo ìwé náà títí.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde ti gba ọmọ méjì lọ́wọ́ mi. N kò lè sin ọmọ-ọmọ."

Wọ́n túká.

Ọdún mẹ́rìnlélógún kọjá. Adégbìtẹ́ di ọ̀gá ní yàrá àyẹ̀wò náà. Kò gbéyàwó. Ẹ̀rọ tuntun kan dé, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wá àbùkù tí ènìyàn jogún sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ AS tó dájú dán an wò. Adégbìtẹ́ na ìka tirẹ̀.

AA.

Ó ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. AA ni. Ó fi ọ̀nà àtijọ́ wò ó. AA náà ni.

Ó jókòó. Ẹ̀jẹ̀ Fẹ́yìsayọ̀ tí wọ́n fà sí i lára ló rí lọ́jọ́ tó kọ AS, tó pè ní tirẹ̀.

Kò pẹ́, Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ ti Lamingo wá, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ tó fẹ́ lọ sílé ọkọ wá ṣe àyẹ̀wò. AA ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Kai! Bùrọ̀dá Adé, ká ní ẹ̀rọ yìí ti wà láyé ìgbà tiwa ńkọ́?"

Adégbìtẹ́ ń nu gíláàsì ẹ̀rọ náà. "Bákan náà ni ì bá sọ."

Fẹ́yìsayọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì wà lára yín ṣá?"

"Ó wà."

Oṣù mẹ́rin péré ni ẹ̀jẹ̀ tí a fà síni lára ń lò. Kò sọ ìyẹn náà fún un.