Páì Nínú Fírísà Ìyá Toyyibah

Toyyibah ń fi ọmọ odó fọ́ bísíkíìtì bíi pé ó ní ẹni tó ń lù. Ó sì ní i lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí Ṣẹ̀rífátù, ìyàwó tuntun bàbá rẹ̀, ti wọ ilé wọn ní àdúgbò Agric ni kò ti kí i tinútinú rí. Ikú ìyá Toyyibah ṣì ń dùn ún, àfi bíi pé Ṣẹ̀rífátù ló pa á.

Ó po bọ́tà mọ́ bísíkíìtì, ó tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ. Ó lu kírímù àti ṣokoléètì pọ̀ títí ó fi ki, ó sì dà á lé e lórí. Ó ku kó dì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ti fọ́nnu fún wọn tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí fírísà, ẹja Ẹ̀pẹ́ ló kún un dẹ́nu. Ìyá Ṣẹ̀rífátù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Imota. Ẹja náà ni wọn ó fi se oúnjẹ àdúrà ọjọ́ kẹjọ lọ́la. Toyyibah mọ̀.

Ó ní fírísà ìyá òun ni, kì í ṣe ti ẹlẹ́ja. Ó kó ẹja sínú báàfù, ó gbé e sẹ́yìnkùlé, ó gbé páì rẹ̀ sínú fírísà, ó ní òun á dá a padà kí Ṣẹ̀rífátù tó ti ọjà dé. Ara rẹ̀ ló ń tàn. Àwọn ọ̀rẹ́ dé, wọ́n jẹ páì, wọ́n ń lá ọwọ́, ta ló tún rántí ẹja?

Òórùn ló pàdé Ṣẹ̀rífátù lọ́nà. Eṣinṣin ti bo báàfù.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Fírísà ìyá mi ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ kó ẹja síbẹ̀?"

Ibẹ̀ ni Múdàṣírù, bàbá rẹ̀, bá wọn. Toyyibah ti ń retí ẹgba. Kò nà án.

"Toyyibah, ìyá tìẹ nìkan kọ́ ló kú."



Lọ́jọ́ kejì, Ṣẹ̀rífátù kọ̀ láti purọ́ bò ó. Ó mú un lọ sí Imota, ó ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ìrẹsì àdúrà kò fi lẹ́ja. Toyyibah kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí. Wọ́n kàn bu ìrẹsì tirẹ̀ fún un, ó sì ń jẹ ẹ́ tomijé-tomijé.

A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀fọ̀ bá ń dùn yín, ẹ má gbẹ̀san rẹ̀ lára ẹni tí òun náà ń ṣọ̀fọ̀. Ṣẹ̀rífátù ò tíì dárí ji Toyyibah.