Ọlátúnbọ̀sún Mẹ́ta àti Ìwé Àwàdà Kan

Ẹrù náà kò sí lórí pẹpẹ mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1996 ni, ní gáréèjì ọkọ̀ Ìbàdàn n'Ílé-Ifẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé márùn-ún ni wọ́n fi bébà kàlẹ́ńdà wé, wọ́n sì kọ orúkọ sí i lára: Ọlátúnbọ̀sún Àtàndá. Eré àwàdà mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀. Bí kò bá dé ilé tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn kó tó di ọjọ́ Ajé, wọn yóò gbé àkókò eré náà fún ẹlòmíràn. Kò sì ní ẹ̀dà.

Sájẹ́ǹtì Èṣùbíyì ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún. Òǹkọ̀wé tó ni ẹrù jókòó níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá dúró de ẹlòmíràn. Kò bínú, kò kánjú. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ. Sájẹ́ǹtì ti rí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé tó ké jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Roqeeb, akọ̀wé ẹrù, ní obìnrin kan tó fi ìborùn bojú ló wá gbà á kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ẹrù padà gbọ́dọ̀ dárúkọ tó wà lára rẹ̀.

"Ṣé ó dárúkọ?"

"Rárá, sà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn ń nàka sí i ni. Ẹrù méjì ló ní orúkọ yẹn lára. Mo kọ́kọ́ gbé èkejì fún un, ó ní kì í ṣe ìyẹn."

"Báwo ló ṣe gbé e lọ?"

Roqeeb wolẹ̀. "Ó pọ̀n ọ́n, sà. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀já gbà á. Mo rò pé kí òjò má baà pa á ni."

Òjò kankan kò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Pé ẹrù méjì jẹ́ orúkọ kan kò ya Sájẹ́ǹtì lẹ́nu. Ọlátúnbọ̀sún Àtàndá mẹ́ta ló lókìkí n'Ífẹ̀ nígbà náà, wọn kò sì bá ara wọn tan. Iṣẹ́ wọn ni ìlú fi dá wọn mọ̀. Apanilẹ́rìn-ín ni òǹkọ̀wé yìí, tó ń gbé ní Òkèrèwè. Agbábọ́ọ̀lù, tó ti gba ife fún ìpínlẹ̀ rí, ló ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé ní Òkè-Ogbó. Oníwàásù ni ẹnì kẹta, àáfà tí ohùn rẹ̀ ń jáde lórí rédíò.

Àwọn méjì yòókù ló bínú sí òǹkọ̀wé. Agbábọ́ọ̀lù afọ́nnu kan tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú wà nínú àwọn eré rẹ̀ tó ti jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ayálégbé sì ti sọ ọ́ di orúkọ onílé wọn. Ní ti àáfà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà àwọn òǹwòran máa ń ṣìnà lọ. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwàdà ọ̀mùtí. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé iná ló yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Sájẹ́ǹtì rò ó wò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ jí i, kí ló dé tí kò fi wá fúnra rẹ̀? Orúkọ rẹ̀ ló kúkú wà lára ẹrù. Ta ni kì í fẹ́ fẹnu kan orúkọ ọkùnrin? Ìyàwó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mẹ́ta ni orúkọ kan yìí lè di èèwọ̀ fún.

Ó lọ sí Òkè-Ogbó. Mojíre, ìyàwó agbábọ́ọ̀lù, kò tilẹ̀ dìde tó fi nahùn pe ọkọ rẹ̀ sínú yàrá: "Ọlátúnbọ̀sún, ọlọ́pàá ń bèèrè ẹ." Tísà ni, kò sí orúkọ tó bà á lẹ́rù. Ẹ̀wù bọ́ọ̀lù tí ọkọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni ẹrù kejì.

Nílé àáfà, Hàjàrá ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú apá ọ̀tún tí wọ́n dì mọ́ igi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ṣubú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí, ká má tíì wá sọ pé kó pọ̀n ọ́n.

Ó ku Òkèrèwè. Sájẹ́ǹtì bi òǹkọ̀wé pé ta ló rí i nígbà tó ń di ẹrù náà. Ó ní Àṣàbí ìyàwó òun nìkan ni, ẹni tó bá òun di okùn rẹ̀ mú.

"Ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iná ti lọ.

Sájẹ́ǹtì wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ibi tí obìnrin náà dúró sí. "Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé e. Ẹ kò lè pe orúkọ ọkọ yín. Ẹ mọ ẹrù tó jẹ́ tiyín láàárín méjì, torí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dì í. Ẹ sì pọ̀n ọ́n wálé. Ẹni tó jí ẹrù kì í pọ̀n ọ́n."

Ó ti tó ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti pe Àṣàbí bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ẹrù náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Kò tíì tú okùn rẹ̀.

"Ọmọ tó ń da ọ̀rọ̀ rú nínú eré yẹn, ọmọ mi ni," ló sọ. "Gbogbo ohun tó máa ń sọ nídìí ààrò ni bàbá rẹ̀ kọ síbẹ̀. Wọ́n á fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n á máa fi í rẹ́rìn-ín nílé ọtí. Wọn ò jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, wọ́n ní òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Inú ìwé yẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà."

Ọkọ rẹ̀ ò gbójú sókè. "Mi ò lè sunkún," ló ní. "Mo gbìyànjú, kò wá. Mo wá ń kọ ọ́."

Sájẹ́ǹtì ní bí òǹkọ̀wé bá fẹ́, òun lè fi ẹrù náà ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la, yóò sì bá àkókò. Àṣàbí ní kí wọ́n máa gbé e lọ, òun kò ní dí i lọ́wọ́ mọ́.

Òǹkọ̀wé tú okùn. Ó ṣí ìwé kẹta, ó wo ojú ewé kan pẹ́.

"Lọ́jọ́ tí àgbàdo jóná. Mo kọ ọ́ pé, 'Iná ti yó.' Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́. Mo dá a sọ ni. Mi ò rántí mọ́."

"Ó ní, 'Màámi, ẹ má bínú sí i, ebi ló ń pa iná.'"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi yí padà di ẹkún, ó sì dojú bo orí ẹní. Àṣàbí jókòó tì í. Kò ní kó dákẹ́.

Sájẹ́ǹtì fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ jáde. Ọkọ̀ Ìbàdàn ọjọ́ kejì gbéra láìsí ìwé náà nínú rẹ̀.