Ọkùnrin Tó De Ara Rẹ̀ Mọ́ Ìjókòó

Ní ibùdókọ̀ Zongo, ní Parakou, Kúlúsúmù rí ọkùnrin kan tó de ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó awakọ̀ bí ẹni di ẹrù. Ìgbànú ọkọ̀ gba èjìká rẹ̀ kọjá sí ìbàdí. Àwọn awakọ̀ yòókù ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni Kúlúsúmù, ará àdúgbò Ladjifarani. Ṣábẹ̀ ló ń lọ, láti kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ó wọ ọkọ̀ ọkùnrin náà, ó jókòó síwájú. Nígbà yẹn, kámáràdì ni ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn.

"Kámáràdì, ta ló dè yín mọ́lẹ̀?"

"Èmi fúnra mi ni, arẹwà. Ẹ̀rù títì ló ń bà mí."

Sàídì lorúkọ rẹ̀. Irú ọkùnrin wo ló ń sọ fún àlejò pé ẹ̀rù ń ba òun? Kí wọ́n tó dé Ṣábẹ̀, Sàídì ti sọ fún un nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ sọ gba gíláàsì iwájú jáde lọ́nà Tchaourou, tí òun sì bá wọn sin ín. Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà kò mọ ohun tó ń gbé ọmọ ọmọ òun wá lemọ́lemọ́.

Tìjáànì, bàbá Kúlúsúmù, ti fi ọkọ̀ ẹrù darúgbó. Nígbà tí Sàídì wá tọrọ ọmọ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò kọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí Sàídì máa tú ìgbànú náà bó bá wà ní Zongo, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun má baà sọ pé ojo ni àna òun. Bó bá ti jáde nílùú, kó ṣe bó ṣe wù ú.

Sàídì dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, bí mo bá ní mo gbọ́, irọ́ ni mo pa fún yín."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà fọ́ sí. Inú bí Kúlúsúmù sí Sàídì. Kí ni ì bá ná an láti dáhùn pé ó dára? Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ olóbì ní Zongo, ó fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe nígbà tí òun kò sí níbẹ̀. Sàídì dé, ojú rẹ̀ ti rù. Ó jókòó, ó sì de ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Kúlúsúmù padà sílé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹni tí kò jẹ́ purọ́ fún yín nítorí tèmi, ṣé èmi ni yóò wá máa purọ́ fún?"

Tìjáànì ní kí wọ́n lọ pe ọmọkùnrin náà wá.

Nígbà tí ìgbà òjò parí, wọ́n so yìgì. Bí wọ́n ti ń lọ sí yàrá tí Sàídì gbà ní àdúgbò Titirou, ìyàwó béèrè ohun tí ì bá ṣe ká ní bàbá òun ò gbà.

"Ǹ bá padà lọ bẹ̀ wọ́n ní Jímọ̀ kejì," ni Sàídì wí, "àti Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e."

Kúlúsúmù wo ojú rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.